A sá fún òtútù New York, a pàdé bíìlì iná Houston

Nínú ilé tí mo gbé ní Bronx, a kì í san owó ooru. Bí yìnyín bá bo gbogbo ọkọ̀ lójú títì lóṣù Kìíní, páìpù inú ògiri á máa dún gbà-gbà-gbà bíi pé alágbẹ̀dẹ wà nínú rẹ̀. Ilé á móoru débi pé síńgílẹ́ẹ̀tì la fi ń sùn, a ó sì tún ṣí fèrèsé díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Kò dun ẹnikẹ́ni nínú wa, torí onílé ló ń sanwó rẹ̀. Òfin ìlú New York ló kàn án nípá fún un: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, bí ìta bá ti tutù kọjá dígírì 55 lójú ọ̀sán, inú ilé ayálégbé kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju dígírì 68 lọ. Fahrenheit ni gbogbo dígírì tí mo bá dárúkọ níhìn-ín, torí òun ni wọ́n fi ń wọn ooru ní Amẹ́ríkà. Bíìlì iná mànàmáná nìkan ló ń bọ̀ lórúkọ tiwa, ìyẹn kò sì ju ti gílóòbù, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n lọ.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́ láti kó lọ sí Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún wa ni pé, "Ẹ ti bọ́. Kò sí owó hítà mọ́." Bíìlì oṣù Kẹjọ dé, ìyàwó mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bóyá ti ará ilé kejì ni wọ́n ṣì jù sínú àpótí wa. Orúkọ wa ló wà lára rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá ń ti New York, Chicago, Minneapolis, kódà London, kó wá sí Houston. Ẹ sáà dé òpópónà Bissonnet, ẹ ó gbọ́ ohùn Ìbàdàn àti ti Ìjẹ̀bú kí ẹ tó rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Ìbéèrè kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń béèrè: ibi tó gbóná la wá yìí, kí ló dé tí owó iná fi pọ̀ tó báyìí? Èrò tèmi ni pé owó ooru tí a rò pé a sá fún ti ṣáájú wa dé ibẹ̀. Ó pààrọ̀ àkókò, ó pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi ń pèsè rẹ̀, ó sì kúrò lọ́rùn onílé bọ́ sí ọrùn tiwa. Oòrùn nìkan kọ́ ló sì wà nídìí rẹ̀. Ìwé àdéhùn tí a fọwọ́ sí pẹ̀lú wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún àwọn tó ní "ẹ ti bọ́" ní ẹ̀tọ́ wọn, torí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ agbára lásán la fẹ́ wò, mímú ilé tutù rọrùn ju mímú un gbóná lọ. Lọ́jọ́ tí ìta bá wà ní dígírì 25 ní New York, tí ẹ fẹ́ kí inú ilé wà ní 70, dígírì 45 lẹ fẹ́ bá òtútù jà lé lórí. Ní Houston, lọ́sàn-án oṣù Kẹjọ tí ìta jẹ́ 97, tí ẹ fẹ́ 75 nínú ilé, 22 péré ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, hítà gáàsì gbọ́dọ̀ jó nǹkan kí ooru tó jáde, ooru tó wà nínú gáàsì tó jó náà kò sì lè ju bó ṣe mọ lọ. Ẹ́síì ní tirẹ̀ kì í dá òtútù sílẹ̀. Ńṣe ló ń kó ooru inú ilé dà síta, bí ẹni ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìwọ̀n iná kan tó bá gbà sára lè kó ooru tó tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jáde.

Ibo wáá lowó náà ti ń wá? Lára ọjà tí wọ́n ń tà fún wa ni. Ní Chicago àti ọ̀pọ̀ ibi ní ìhà àríwá, gáàsì ni wọ́n fi ń mú ilé móoru. Ní Texas, nínú ilé márùn-ún, bíi mẹ́ta ló ń fi iná mànàmáná ṣe é. Gáàsì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, therm ni wọ́n ń pè é, therm kan sì jẹ́ yúnìtì iná 29.3, yúnìtì tí bíìlì máa ń kọ ní kWh. Ká ní dọ́là kan àbọ̀ ni therm kan, tòun ti owó tí wọ́n fi gbé e wá sílé, ooru yúnìtì kan di bíi sẹ́ǹtì 5. Ká ní sẹ́ǹtì 15 ni yúnìtì iná mànàmáná, ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn. Àǹfààní ìlọ́po mẹ́ta tí ẹ́síì mú wá, owó ìlọ́po mẹ́ta ti gbé e mì.

Àwọn tó ń ti Britain bọ̀ ni ìyípadà yìí máa ń yà lẹ́nu jù. Ofgem, àjọ tó ń bójú tó owó gáàsì àti iná níbẹ̀, fi ilé tó ń lo yúnìtì gáàsì 11,500 àti yúnìtì iná 2,700 lọ́dún ṣe òṣùwọ̀n ilé tó wà láàárín ní 2024. Gáàsì fi ju ìlọ́po mẹ́rin ju iná lọ. Bí ẹni tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ bá kó wá sí Houston, bíìlì gáàsì rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ṣùgbọ́n iná tó ń lò fún odindi ọdún ní London, oṣù mẹ́ta lè má tíì pé níbí kó tó lò ó tán.

Mi ò bù mọ́ ọn. Ní 2022, EIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò agbára ní Amẹ́ríkà, sọ pé ilé kan ń lo yúnìtì 899 lóṣù ní ìpíndọ́gba káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ti Texas ju 1,100 lọ. Ti New York kò ju bíi 600. Ibi tó wá dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni Hawaii: ibẹ̀ gbóná yípo ọdún, síbẹ̀ ilé Hawaii ló ń lo iná tó kéré jù, torí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ wọlé, òtútù kò sí, yúnìtì iná wọn ló sì wọ́n jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ojú ọjọ́ nìkan kò lè sọ iye tí ẹ ó san.

Ọ̀rọ̀ wáá kan ẹ́síì fúnra rẹ̀. Nílé, họ́ọ̀sì la fi ń ra ẹ́síì: họ́ọ̀sì kan fún yàrá kékeré, họ́ọ̀sì kan àbọ̀ fún pálọ̀. Ẹni tó bá wà nínú yàrá ló ń tan tirẹ̀, bó bá jáde, á pa á. Ní Houston, ẹ́síì kan ló sábà máa ń wà fún gbogbo ilé, tọ́ọ̀nù ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Orúkọ yẹn ti ayé ìgbà tí wọ́n ń fi yìnyín mú ilé tutù wá: ooru tó lè yọ́ yìnyín tọ́ọ̀nù kan láàárín wákàtí 24 ni wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀nù kan. Ó bá ẹ́síì họ́ọ̀sì kan àbọ̀ wa dọ́gba. Ilé oníyàrá mẹ́ta lè ní ẹ́síì tọ́ọ̀nù 3 tàbí 4. Ẹ wò ó báyìí: ẹ́síì họ́ọ̀sì kan àbọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ti yàrá àlejò tí kò sí àlejò nínú rẹ̀.

Ẹ́síì tọ́ọ̀nù 3 lè máa fa bíi kílówáàtì 3. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 10 lóòjọ́, yúnìtì 30 nìyẹn, 900 lóṣù. Ní sẹ́ǹtì 15, dọ́là 135, kí a tó ka fíríìjì, omi gbígbóná, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ àti sítóòfù, tó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn jẹ́ ti iná. Láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹsàn-án lowó yẹn máa ń gbé orí sókè, oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá náà kò sì ṣeé fọkàn tán.

Ohun kan tún wà tí thermostat, ẹ̀rọ ara ògiri tí a fi ń yan dígírì inú ilé, kì í kọ sójú: ọ̀rinrin. Houston kò jìnnà sí òkun, afẹ́fẹ́ rẹ̀ dà bíi ti Èkó nígbà tí òjò ń ṣú tí kò tíì rọ̀. Ẹ́síì gbọ́dọ̀ fún omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ yẹn kí ara tó balẹ̀, iná sì ni yóò fi fún un. Àwa tí a wá láti àríwá kì í mọ èyí, a ó kàn máa fa dígírì wálẹ̀, 74, 72, 70. Lára thermostat, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ fan sí, kí ẹ fi í sí AUTO. Bó bá wà ní ON, fáànù á ṣì máa fẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dúró, á sì tún fẹ́ omi tó ti sẹ́ sára páìpù tútù inú ẹ̀rọ padà sínú ilé. Odidi oṣù mẹ́rin la fi wà ní ON kí ẹni tó wá tún ẹ̀rọ ṣe tó rẹ́rìn-ín sí wa.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé Houston, òkè àjà ni wọ́n gbé ọ̀nà tí atẹ́gùn tútù ń bá kọjá gbà, òkè àjà yẹn sì lè gbóná kọjá dígírì 120 lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ọ̀nà náà bá jò, ẹ ń mú òkè àjà tutù fún àwọn eku. Ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà ṣe pàtàkì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2023, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹ́síì ilé tuntun ní ìhà gúúsù ní ìwọ̀n SEER2 tó tó 14.3, fún àwọn tó wọ́pọ̀ nínú ilé. Ní àríwá, 13.4 ti tó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga sí ni iná tó ń jẹ ṣe ń dín kù. Èyí tó wà nínú ilé ayálégbé lè ti pé ọdún 15, onílé kò sì ní pààrọ̀ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe òun ló ń san bíìlì. Ní Bronx, onílé ló ń san owó ooru, ẹnu wa ló gbà láti ṣí fèrèsé. Ní Houston, àwa là ń san án, ọwọ́ onílé ni ẹ̀rọ wà.

Apá tó ń ya àwọn àlejò lẹ́nu jù wáá kù: ọjà iná. Ní 1999, nígbà tí George W. Bush jẹ́ gómìnà, Texas ṣe òfin tó tú títa iná sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù kó tà á, ọjà náà sì ṣí lóṣù Kìíní 2002. Láti ìgbà náà, ní Houston, ní Dallas àti ní ibi tó pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ náà, ẹni tó ń gbé iná gba orí wáyà yàtọ̀ sí ẹni tó ń tà á fún yín. CenterPoint ló ni òpó àti wáyà ní Houston. Ẹ kò lè kọ̀ ọ́, owó rẹ̀ á sì wà nínú bíìlì yín, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá ra iná lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń tà á ni wọ́n pọ̀ bí alátẹ lójà Bódìjà. Ìjọba kó wọn jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì síbi tí wọ́n ń pè ní Power to Choose, níbi tí ẹ ti lè to iye owó wọn láti orí èyí tó kéré jù.

Mo tò ó láti orí èyí tó kéré jù. Sẹ́ǹtì 7 ló wà lókè pátápátá. Mo fọwọ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, inú mi dùn, mo tún fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Katy. Ohun tí n kò kà ni pé sẹ́ǹtì 17 ni yúnìtì kan gan-an, àti pé wọn yóò yọ dọ́là 100 kúrò lóṣù tí mo bá lo tó yúnìtì 1,000. Bí mo bá lo 1,000 gééré, dọ́là 170, yọ 100, ó ku 70: sẹ́ǹtì 7 lóòótọ́. Bí mo bá lo 2,000, dọ́là 240, sẹ́ǹtì 12. Lóṣù Kẹrin, a lo 960. Ogójì yúnìtì la fi kùnà, bíìlì sì jẹ́ dọ́là 163 àti sẹ́ǹtì 20. Ẹni tó lo iná jù mí lọ san tó dín sí tèmi ní ohun tó ju dọ́là 90. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, bí mo ti rí i pé ọjọ́ méjì ló kù tí mítà kò sì tíì pé 1,000, mo kó tówẹ̀lì méjì tó ti gbẹ sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, mo tàn án. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. N kò mọ ohun tí ǹ bá sọ.

Ilé-iṣẹ́ náà kò purọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Òfin Texas ní kí gbogbo wọn fi ìwé kan tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wọn, EFL lorúkọ rẹ̀, tó ń sọ iye tí yúnìtì kan máa jẹ́ bí ẹ bá lo 500, bí ẹ bá lo 1,000 àti bí ẹ bá lo 2,000. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jìnnà síra, ẹ̀bùn tó ní gbèdéke wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, kódà kó jẹ́ sẹ́ǹtì 14, ẹ ó lè sùn. Wọ́n tún ní èyí tó ní òru ọ̀fẹ́. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀sán, torí ọ̀sán ni ẹ́síì ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, tí kò tíì ní ìtàn gbèsè lọ́dọ̀ àwọn báńkì, lè rí i pé wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi owó ìdógò sílẹ̀. Nítorí ìyẹn ni púpọ̀ nínú wọn ṣe ń ra èyí tí a ń sanwó rẹ̀ ṣáájú, bíi mítà tí a ń ra káàdì sí nílé. Ó rọrùn láti wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi owó yúnìtì rẹ̀ wé ti àwọn yòókù kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bí àdéhùn ọdún kan bá parí tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, wọ́n á máa ta iná fún yín lóṣooṣù ní iye tó ń yí padà, tó sì sábà máa ń wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 14 tó kẹ́yìn àdéhùn ni kí ẹ fi wá ibòmíràn, wọn kò lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá kó kúrò nílé náà, tí ẹ sì ní ẹ̀rí ibi tí ẹ kó lọ.

Òtútù ńkọ́? Ó máa ń wá, ó kàn máa ń pẹ́ kó tó dé ni. Ní àárín oṣù Kejì 2021, ìjì òtútù kan bo Texas mọ́lẹ̀, iná kú mọ́ ilé tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ lọ́wọ́, àwọn mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka òkú 246. Èéfín pa lára wọn, torí àwọn kan gbé ààrò eléèédú wọlé, àwọn kan tan ọkọ̀ nínú gáréèjì tó dé pa. Owó iná ní ọjà alágbàtà, níbi tí àwọn tó ń tà á fún wa ti ń rà á, sì dé dọ́là 9 lórí yúnìtì kan, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Griddy, tí àdéhùn wọn ń tẹ̀ lé owó ọjà alágbàtà ní wákàtí dé wákàtí, rí bíìlì ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Griddy wọko gbèsè lóṣù tó tẹ̀ lé e, Texas sì fi òfin de irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fún ilé gbígbé lọ́dún yẹn kan náà. Ewu yẹn ti kúrò nílẹ̀. Èyí tó kù ni waya gbígbóná tó wà nínú hítà iná, tó máa ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ bí òtútù bá pọ̀: ó lè fa kílówáàtì 10 lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí 8 lálẹ́ ọjọ́ kan, dọ́là 12 ti lọ. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lọ́dún ní Houston, mo fi ń tu ara mi nínú.

Jẹnẹrétọ̀ tí a rò pé a fi sílẹ̀ nílé náà tún ti padà. Lọ́jọ́ 8 oṣù Keje 2024, ìjì Beryl wó òpó lulẹ̀, iná lọ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà CenterPoint tó ju mílíọ̀nù 2.2 lọ, nínú ooru. Àwọn mìíràn lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìrí iná. Bí ẹ bá máa ra ọ̀kan, ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, jìnnà sí fèrèsé. Èéfín tó ń pani ní Ṣómólú náà ló ń pani ní Sugar Land.

Fún ẹni tí owó bá há mọ́ lọ́wọ́, ètò ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ LIHEAP wà, tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ yẹn ní 1981, ó sì lè san lára bíìlì ẹ́síì pẹ̀lú. Ẹ pe 211. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: lọ́jọ́ tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ìjọba bá kéde ooru líle fún àgbègbè yín, àti fún ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ iná kò gbọdọ̀ gé iná yín nítorí gbèsè. Gbèsè náà kò ní torí ìyẹn parẹ́.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ọjà yìí kò kan ẹni tó ń lọ sí Austin tàbí San Antonio. Ìlú fúnra rẹ̀ ló ń ta iná níbẹ̀, kò sí yíyàn. Ní Atlanta, ibòmíràn tí àwọn ènìyàn wa ń kó lọ, ó yí padà: gáàsì ni ẹ ó máa yan ẹni tó ń tà á, iná kọ́.

Kí a tó kó wọ ilé tí a wà báyìí, mo bi onílé ní iye yúnìtì tí ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa lò lóṣù méjìlá, mi ò bi í ní iye owó, torí ẹni náà lè ní àdéhùn tó yàtọ̀. Mo tún forúkọ sílẹ̀ lórí Smart Meter Texas, níbi tí mítà ti ń fi iná tí ẹ lò hàn ní ìṣẹ́jú 15 sí ìṣẹ́jú 15. Èmi àtìyàwó mi jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, à ń wo ọjọ́ iṣẹ́ tó kọjá. Láti aago 11 àárọ̀ títí di aago 5 ìrọ̀lẹ́, ìlà náà ga bí òkè Olúmọ. Èmi wà níbi iṣẹ́, òun wà ní ọsibítù, àwọn ọmọ wà nílé-ìwé.